Jíjó àti Jíjò: Èdè-Ìperí fún Ìwádìí Àléébù Ọmọrí Ẹ́ńjìnnì

1. Ìfáàrà

Ọ̀nà tí ó so ìlú Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní 50 kìlómítà díẹ̀, ó sì jẹ́ apá kan ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Bí ọkọ̀ Peugeot 504 tí ó ti dàgbà bá gbéra ní Owódé ní Ọ̀yọ́, tí ó kún fún èrò àti ẹrù, ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, abẹ́rẹ́ tí ń fi bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó hàn yóò ti gun òkè. Awakọ̀ a yà sẹ́bàá ọ̀nà, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a dúró kí ooru rọlẹ̀, a bu omi sí i, a sì tún máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá fi wàhálà wọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó kọjá Tákíè, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wáyé láàárín àwọn méjèèjì kì í gùn:

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí. Ó ń gbóná.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Gásíkẹ́ẹ̀tì yín ti jó.”

Mẹkáníìkì kò tíì fọwọ́ kan sípánà tí ó fi sọ gbólóhùn yìí. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré náà ni ó ti dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́, ó ti sọ bí ó ṣe bàjẹ́, ó sì ti sọ ohun tí ẹlẹ́kọ̀ọ́ yóò rà. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, onímọ́tò yóò ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, yóò san owó iṣẹ́, ọkọ̀ yóò padà sí Ọ̀yọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún máa gbóná. Yóò ra òmíràn. Nígbà tí ó bá di ìgbà kẹta, owó tí ó yẹ kí ó fi san owó ilé-ìwé ọmọ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì náà kò sì tíì yá.

Ọgbọ́n iṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn mẹkáníìkì ìlú méjèèjì yìí. Apá kan nínú àdánù tí à ń wí yìí, ọ̀dọ̀ èdè ni ó ti wá: gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe àmì, òun náà ni wọ́n fi ń pe àléébù, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya àwọn nǹkan mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ ní èdè Yorùbá, kí olùkọ́, ògbufọ̀ àti òǹkọ̀wé lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò bá bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu.

2. Ohun tí ó wà lábẹ́ ọmọrí

Inú sìlíńdà, èyíinì ni ihò róbótó tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, ni pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń jó pọ̀. Àwọn sìlíńdà wà nínú irin ńlá kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Òkè búlọ́ọ̀kù ṣí sílẹ̀. Irin mìíràn ni wọ́n fi dé e, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Irin ìdérí yìí ni wọ́n ń pè ní “tọ́ọ̀pù sìlíńdà”, tàbí “tọ́ọ̀pù” lásán. Àárín ìdérí yìí àti búlọ́ọ̀kù ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà.

Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n gbé ń se mọ́ínmọ́ín yóò tètè lóye iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Alásè kì í gbé ọmọrí lé ìkòkò lásán; ó máa ń kọ́kọ́ fi ewé tàbí ọ̀rá bo ẹnu ìkòkò, kí ooru má baà rí ibi sá jáde. Iṣẹ́ ewé yẹn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ooru nìkan ni ewé ìkòkò ń dá dúró, nǹkan mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ pàdé ara wọn sì ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń yà nípá: gáàsì tí ń jó nínú sìlíńdà, omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, àti ọ́ìlì tí ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin. Olúkúlùkù wọn ní ihò tirẹ̀ tí ó ń gbà láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń ṣọ́ ààlà wọn.

Agbára tí àwọn nǹkan mẹ́ta yìí fi ń ti gásíkẹ́ẹ̀tì kò dọ́gba. Nígbà tí iná bá mú epo nínú sìlíńdà, agbára tí gáàsì náà fi ń wá ọ̀nà àbájáde tó ìlọ́po ogún agbára omi inú rédíétọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, gáàsì kò ní agbára mọ́, omi gbígbóná sì ṣì ní tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, bí ihò tóóró kan bá wà láàárín sìlíńdà àti omi, gáàsì ni yóò máa wọ inú omi nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, omi ni yóò sì máa wọ inú sìlíńdà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí àmì àárọ̀ fi ń yàtọ̀ sí àmì ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ irin náà tún wà níbẹ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Irin dúdú ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ń lo pẹtiróòlù, alumíníọ́ọ̀mù sì ni ìdérí rẹ̀. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ́ọ̀mù máa ń gbòòrò ní ìwọ̀n bí ìlọ́po méjì ti irin dúdú. Bí gígùn irin méjì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 500 mìlímítà, tí ooru wọn sì fi 80°C lé sí i, alumíníọ́ọ̀mù yóò fi nǹkan bí 0.9 mìlímítà gùn sí i, nígbà tí irin dúdú yóò fi nǹkan bí 0.4 mìlímítà gùn sí i. Ojoojúmọ́ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń fara da ìfà-sókè-fà-sódò yìí. Bí omi bá wá gbẹ tí ooru sì kọjá ààlà, ìdérí fẹ́ gbòòrò, bóòtù kò sì jẹ́ kí ó rí àyè. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti kọlu ara wọn ni ìdérí ti ń wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ omi yìí kàn. Volkswagen tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ń mú un tutù. Kò sí bí omi rédíétọ̀ ṣe lè wọ inú ọ́ìlì ọkọ̀ tí kò ní rédíétọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò bá ṣàlàyé àléébù yìí kọ́kọ́ sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, ohùn méjì

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn mẹkáníìkì ń lò ni “jó”, ohùn òkè ni ó wà lórí rẹ̀. Ohun tí iná bá mú tí ó sì bàjẹ́ ni Yorùbá ń sọ pé ó jó. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tí ó fara pẹ́ ẹ ni “jò”, tí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí rẹ̀: òrùlé ń jò, agbè ń jò, garawa ń jò. Ohun tí ó yẹ kí ó dúró sí ipò kan ni ó ń gba ibi tí kò yẹ bọ́ sí ipò mìíràn.

Kì í ṣe ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn rìn nínú gbólóhùn yàtọ̀ pẹ̀lú. “Ti” ni ó sábà máa ń ṣáájú “jó” nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gásíkẹ́ẹ̀tì: “ó ti jó”. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti parí. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n lọ ra òmíràn. “Ń” ni ó sábà máa ń ṣáájú “jò”: “ó ń jò”. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò fẹ́ béèrè pé kí ni ó ń jò, láti ibo, sí ibo? Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni ìwádìí àléébù gan-an. Gbólóhùn tí ó ní “jó” nínú ti ilẹ̀kùn ìbéèrè. Èyí tí ó ní “jò” nínú ṣí i sílẹ̀.

Òtítọ́ ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń jó nígbà mìíràn. Bí gáàsì gbígbóná bá rí ojú ihò tín-ín-rín gbà láàárín sìlíńdà kan àti èkejì rẹ̀, yóò máa jẹ ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí tí ọ̀nà yóò fi là níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yóò rí ibi tí ó ti dúdú tí ó sì ti ṣófo. Irú èyí nìkan ni ó yẹ kí “jó” máa dúró fún nínú ìwé. Gbogbo àwọn yòókù, jíjò ni wọ́n.

Níhìn-ín ni àmì ohùn ti di ohun tí owó rọ̀ mọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kọ “gasikeeti n jo” sínú ìwé iṣẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀gá rẹ̀ tí yóò kà á lọ́jọ́ kejì kò lè mọ èyí tí ó ń wí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa rò pé eré olùkọ́ èdè lásán ni àmì ohùn. Àpẹẹrẹ ẹ́ńjìnnì yìí yóò yé wọn ju àpẹẹrẹ ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ.

4. Ọ̀nà mẹ́rin tí jíjò ń gbà

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti sìlíńdà sí sìlíńdà. Ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n, agbára rẹ̀ yóò dínkù, pàápàá nígbà tí ó bá ń gun òkè. Omi lè mọ́, ọ́ìlì lè mọ́, ọkọ̀ sì lè má gbóná rárá. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìgbóná kí ó tó fura kò ní rí irú èyí.

Ọ̀nà kejì ni láti sìlíńdà sí omi. Ìhó yóò máa yọ nínú rédíétọ̀, ọ̀pá rọ́bà tí omi ń gbà yóò le kankan láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, omi yóò sì máa dínkù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i kí ó kán sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì yóò gbọ̀n bí wọ́n bá ti tan án, ooru funfun yóò sì tú jáde ní sàlẹ́ńsà, nítorí omi tí ó wọ sìlíńdà lóru.

Ọ̀nà kẹta ni láti ihò omi sí ihò ọ́ìlì. Ọ́ìlì yóò di bí ògì tí wọ́n po. Èyí ni ó léwu jù, nítorí pé ọ́ìlì tí omi ti bà jẹ́ kò lè dáàbò bo irin mọ́; bí wọ́n bá ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yóò bá òkè rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹrin ni síta. Omi tàbí ọ́ìlì yóò máa sun ní ojú ibi tí ìdérí ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Ojú lè rí i, ìka lè tọ́ ọ wò. Òun ni ó rọrùn jù láti mọ̀, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fojú fò jù.

5. Àmì tí ń tan ni jẹ

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dá àléébù mọ̀. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí olùwádìí ṣọ́ra fún níhìn-ín, òun ni “hó”. Omi tí iná mú ń hó. Ọṣẹ tí wọ́n ń pò ń hó. Ìgbà tí awakọ̀ bá sọ pé omi ń hó nínú rédíétọ̀, ó lè jẹ́ pé ooru ni ó mú omi hó bí ti ìkòkò, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì láti inú sìlíńdà ni ó ń ru omi náà sókè bí ti ọṣẹ. Èkíní lè ti ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ tí ó ti dí wá, tàbí bẹ́líìtì fáànù tí ó ti já, tàbí pọ́ǹpù omi tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí èyí tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lè wò sàn nínú wọn. Èkejì ni ti gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ti ìdérí. “Híhó ooru” àti “híhó gáàsì” ni ó yẹ kí wọ́n máa jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín funfun. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ooru funfun a máa jáde ní sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le koko, nítorí omi tí ó sàn sínú sàlẹ́ńsà lóru. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ti ọyẹ́ yóò lọ; ti gásíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń dúró tàbí kí ó pọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ́ìlì tí ó dà bí ògì. Ọkọ̀ tí kì í rìn ju láti ilé dé ọjà Akẹ̀sán lọ lè ní ìwọ̀nba ògì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde. Ní ti Peugeot 504, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin tí wọ́n kì bọ inú búlọ́ọ̀kù, omi sì yí wọn ká. Ohun ìdí omi mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Bí ti ìsàlẹ̀ yìí bá bàjẹ́, omi yóò dà sínú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè kò sì mọ̀ sí i. Mẹkáníìkì tí ó bá ṣí ìdérí, tí kò sì fi ohunkóhun tẹ àwọn ọ̀pá wọ̀nyí mọ́lẹ̀ kí ó tó yí ẹ́ńjìnnì, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdí omi ìsàlẹ̀ náà. Yóò wá pa iṣẹ́ rẹ̀ dé, omi yóò sì tún wà nínú ọ́ìlì, yóò ní gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà ti jó.

Ẹ̀rọ tí ń ka àléébù láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí ó ti wọ́pọ̀ lóde òní fún àwọn ọkọ̀ tí ó tún jẹ́ tuntun sí 504, kò yọ èyí sílẹ̀. Bí ó bá kọ P0217, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Bí ó bá kọ P0300, ó ń sọ pé iná kò mú epo bí ó ti yẹ nínú àwọn sìlíńdà. Àmì ni méjèèjì. Ẹ̀rọ kò pe orúkọ àléébù. Ènìyàn ni yóò pè é.

6. Ètò àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀ nígbà tí ó tutù, kí ìdérí rédíétọ̀ sì wà ní ṣíṣí kí wọ́n tó tan án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ó bá gbóná, nítorí omi náà yóò ta sí i lójú. Bí ìhó bá ń yọ láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí omi kò sì tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ooru ni ó mú un hó.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni àyẹ̀wò aró. Wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè omi rédíétọ̀ gba inú omi aró kan tí ń jẹ́ bromothymol blue kọjá. Bí gáàsì láti inú sìlíńdà bá wà nínú afẹ́fẹ́ náà, kábọ̀n dáyọ́ọ̀sáìdì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sọ aró búlúù di àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò ìfúnpọ̀. Wọ́n á yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, wọ́n á sì wọn agbára tí písítìn kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà rẹ̀. Bí sìlíńdà méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé ṣe jù pé àárín àwọn méjèèjì ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ó rẹlẹ̀, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, oruka písítìn ni ó ti jẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí wọ́n fi pọ́ǹpù ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ títí dé ìwọ̀n tí ìdérí rẹ̀ lè gbà, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì máa wo abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ń wálẹ̀ tí kò sì sí omi nílẹ̀, inú ni ó ń jò sí. Sìlíńdà tí omi bá wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ púlọ́ọ̀gì ni yóò sọ ibi tí ó gbà.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti fẹnu kò ni ó tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tú bóòtù ìdérí.

7. Wíwọ́ àti sísán

Bí wọ́n bá ti ṣí ìdérí tán, ìbéèrè kan ṣì kù tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè dáhùn: kí ni ó ba ti àtijọ́ jẹ́? Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Bí ìdérí bá ti wọ́, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ tí yóò pẹ́. Ọ̀pá irin tí ó tọ́ gbọnrangandan ni wọ́n fi ń wò ó: wọ́n á gbé e lé ojú ìdérí ní gígùn, ní ìbú àti láti igun dé igun, wọ́n á sì máa ki ewé irin tín-ín-rín tí ó ní ìwọ̀n sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kò gbà kí àlàfo náà ju 0.05 sí 0.1 mìlímítà lọ, èyí tí kò ju sísanra ewé bébà ìkọ̀wé kan lọ. Ojú lásán kò lè rí i. Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin, kí wọ́n lè há ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú. Iṣẹ́ yìí náà ní ààlà, nítorí pé ìdérí tí wọ́n bá há jù yóò tín-ín-rín, yóò sì fi kún ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà.

Sísán yàtọ̀ sí wíwọ́. Ìdérí tí ó wọ́ ti kúrò ní títẹ́jú. Èyí tí ó sán ti lanu. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀: omi tí ó ń wọ sìlíńdà lè jẹ́ pé ojú sísán nínú ìdérí ni ó gbà, kí gásíkẹ́ẹ̀tì sì wà láìní àbùkù kankan. Àárín fáàfù méjì ni irú sísán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Híhá kò wò ó sàn.

Nígbà tí wọ́n bá ń dé e padà, bóòtù àárín ni wọ́n ń kọ́kọ́ dè, kí wọ́n tó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú sípánà tí ń wọn agbára ìdè. Ẹni tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ìdérí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ há.

8. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, ni ó ti hàn pé ọmọdé lè fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ ìperí bẹ́ẹ̀ máa ń dá lé. Àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń jẹ́ kí àṣìṣe wọlé nígbà mìíràn. Kò sí ìdí láti wá orúkọ tuntun fún gásíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tí ń tà á, ẹni tí ń rà á àti ẹni tí ń fi í sí ọkọ̀ ti gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. “Àtẹ́dí” tí ẹlòmíràn lè dá lábàá, láti ara “tẹ́” àti “dí”, sún mọ́ “tẹ́ ìdí” jù, ẹ̀rín ni yóò sì dá sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ìyàtọ̀ tí kò ní orúkọ ni ó yẹ kí wọ́n wá orúkọ fún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó rọ́pò ti àtijọ́. “Orí ẹ́ńjìnnì” tí àwọn ògbufọ̀ lè fẹ́ lò fún tọ́ọ̀pù kò dára, nítorí “ó wà lórí ẹ́ńjìnnì” lè túmọ̀ sí pé ó wà ní òkè ẹ́ńjìnnì lásán. “Ọmọrí ẹ́ńjìnnì” kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì hàn lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi wà nínú àkọlé àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyí:

ọmọrí ẹ́ńjìnnì: irin tí ó dé òkè búlọ́ọ̀kù
gásíkẹ́ẹ̀tì ọmọrí: èyí tí ó wà láàárín ọmọrí àti búlọ́ọ̀kù
ìwádìí-àléébù: ìlànà tí wọ́n ń gbà láti inú àmì dé ìdí ọ̀ràn
àmì: ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́ tàbí tí ẹ̀rọ kà
àléébù: ohun tí ó bàjẹ́ gan-an
okùnfà: ohun tí ó mú kí ó bàjẹ́
jíjó gásíkẹ́ẹ̀tì: kí gáàsì gbígbóná jẹ gásíkẹ́ẹ̀tì láàárín sìlíńdà méjì
jíjò sómi: kí gáàsì sìlíńdà wọ inú omi, tàbí kí omi wọ inú sìlíńdà
jíjò sọ́ìlì: kí omi wọ inú ọ́ìlì
jíjò síta: kí omi tàbí ọ́ìlì yọ sí ara ẹ́ńjìnnì
híhó ooru: híhó tí ìgbóná fà
híhó gáàsì: híhó tí gáàsì láti inú sìlíńdà fà
àyẹ̀wò ìfúnpọ̀: wíwọn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀
wíwọ́ ọmọrí: kí ojú ọmọrí má tẹ́jú mọ́
sísán ọmọrí: kí ọmọrí lanu

9. Ìkádìí

Ojoojúmọ́ ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ ooru, ìmọ̀ ìfúnpọ̀ àti ìmọ̀ irin, bí kò tilẹ̀ sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá pe àléébù ni òun náà yóò máa pè é títí tí yóò fi gba òmìnira. Bí ọ̀gá bá kọ́ ọ láti máa sọ pé “ó ti jó”, ọjà gásíkẹ́ẹ̀tì ni yóò máa rán àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ. Bí ó bá kọ́ ọ láti máa béèrè pé “kí ni ó ń jò, láti ibo, sí ibo?”, yóò kọ́kọ́ wo ọkọ̀.

Awakọ̀ tí ó tún gbéra láti Tákíè padà sí Owódé ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ èyí tí wọ́n bi í nínú méjèèjì, bí ó bá dé ìdajì ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ kò sì gun òkè.